Ìwé Ọ̀rọ̀ Bantè àti Ètò Tuntun Inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn ọmọ máa ń wá bá mi lẹ́yìnkùlé wa ní Bantè, wọ́n á ní, "Ìyá, ṣé ká lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà?" Mi kì í dá wọn lóhùn kíákíá. Mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ẹ̀rù máa ń bà wọ́n. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Àmọ́ mo ti fi ọjọ́ ayé mi to lẹ́tà. Mo fi òjé tò ó, mo fi kọ̀ǹpútà tò ó, ẹ̀rù kò sì fi mí sílẹ̀ rí. Ẹni tí ẹ̀rù kì í bà nídìí iṣẹ́ wa, ẹ má ṣe gbé orúkọ òkú yín fún un tẹ̀.

Ràmátù ni mí. Aránṣọ ni bàbá mi ní Bantè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ọ̀gá Bùráímọ̀, ní ilé ìtẹ̀wé ní Savalou. Ó ń wá ọmọ tó mọ̀wé díẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì wúwo. Bàbá mi fi mí lé e lọ́wọ́. Ti owó iṣẹ́ kò gba àlàyé: mo ń jẹun, mo ń rí aṣọ wọ̀, mo sì ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí.

Ọ̀gá wá láti apá Nàìjíríà, ó bá àwọn oníṣòwò tó ń kó aṣọ àti epo bẹntiróòlù wọlé dé Savalou. Àwọn yòókù kó ọjà wá. Òun kó lẹ́tà òjé wá nínú àpótí onígi tó ní yàrá wẹ́wẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú yàrá tirẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, fìlà funfun kì í kúrò lórí rẹ̀, ara rẹ̀ sì máa ń rùn kárósíìnì, torí kárósíìnì la fi ń fọ lẹ́tà. Yorùbá tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìṣà, èdè àwa ará Bantè, ni mo gbé délé rẹ̀. Ó jọ Yorùbá bí ọmọ ìyá méjì ṣe ń jọra, síbẹ̀ ojú ò ní ṣì wọ́n mọ̀ fún ara wọn.

Ó pẹ́ kó tó gbà kí n to ohunkóhun. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ lẹ́tà tí wọ́n ti lò, kí n sì dá a padà sí yàrá rẹ̀. Lẹ́tà òjé, òdì la ti ń kà á, bí ẹni ń wo ìwé nínú dígí. Bí lẹ́tà n bá dorí kodò, ó di u. Ọ̀gá á ní kí n di ojú mi, á fi ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Kí nìyí?"

"N ni, Ọ̀gá."

"Fọwọ́ pa ara rẹ̀ wò."

Màá fọwọ́ pa á, màá wá àpá kékeré tí wọ́n gé sí iwájú ara lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, màá bá a lẹ́yìn. "U ni, Ọ̀gá."

"Bí o bá tẹ èyí sínú orúkọ olóògbé, òkú ta ni àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ sin?"

Kò nà mí rí. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ẹgba rẹ̀. Ìwé ìsìnkú àwọn Mahi, àwọn ọmọ onílùú, ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa ní Savalou, nítorí náà bí mo bá dùbúlẹ̀, orúkọ òkú àwọn ẹni ẹlẹ́ni ló máa ń yí lójú mi, tí n ń di u, tí u ń di n.

Àwọn lẹ́tà tó rà, ti Faransé ni. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ọ̀gá jókòó tì wọ́n, ó fi òjé yíyọ́ lẹ àmì bíńtín mọ́ ìdí e àti o àti s lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ayùn kékeré rẹ́ ẹ títí ó fi jókòó dáadáa. Ó ní bí a bá tẹ orúkọ èèyàn láìsí àmì, ẹlòmíràn la pè. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń ṣe wọ́n. Yàrá lẹ́tà ẹ nínú àpótí wa kò kún rí.

Nígbà tó gbọ́ tí mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi kan sọ Ìṣà lẹ́nu ọ̀nà, ó pè mí wọlé.

"Ràmátù, èdè ìyá rẹ yìí, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ ẹnikẹ́ni.

"Bí o bá ti ń lọ kí wọn nílé, máa bá mi gba ọ̀rọ̀ bọ̀. Gbà á lẹ́nu àwọn àgbà, kí o sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀."

Bí ìwé ọ̀rọ̀ Bantè ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sílé, mo ń gba ọ̀rọ̀ bọ̀. Orúkọ iṣu, orúkọ ilẹ̀, orúkọ àrùn adìyẹ, ohun tí wọ́n ń pe ọmọ tó bá kọ̀ láti sùn. Bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, Ọ̀gá á ní kí n tò ó. Ọmọ ọdún mélòó ni mo wà nígbà yẹn? Mi ò tíì lọ́kọ. Nígbà tí mo ní ọkọ, tí mo bímọ, tí ọkọ mi kú, a ṣì ń tò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ewúrẹ́ fún yín, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí Ọ̀gá jẹ́. Lọ́jọ́ ọjà kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ to odindi ojú ìwé kan parí, ó wà lórí tábìlì, a ò tíì fi okùn dì í. Ewúrẹ́ kan tí àwọn ọmọ ń lé já wọlé, ó gun tábìlì, ojú ìwé yẹn sì dà sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da ẹ̀wà. Mo dúró síbẹ̀, mò ń retí kí Ọ̀gá lé mi padà sí Bantè. Ọ̀gá wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ká etí agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Jókòó. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbí." Àwa méjèèjì ń ṣà á títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kò sóhun tó lè dà nù nílé ìtẹ̀wé wa tí a ò ní lè ṣà.

Ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí ìgbà òjé fi kọjá.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ojú Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò lè mọ ẹ yàtọ̀ sí e mọ́, àfi bó bá fọwọ́ pa á. Àwọn oníbàárà náà ti ń lọ sí Bohicon, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé, tí wọ́n ń fi àwòrán òdòdó sí etí ìwé ìsìnkú. Ọ̀gá ronú títí, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Ó wá ta òjé fún àwọn ọdẹ tó ń yọ́ ọ ṣe ọta ìbọn. Mo bá wọn gbé e sórí kẹ̀kẹ́. Àwọn lẹ́tà tí mo mọ̀ lọ́wọ́ láti kékeré, mo mọ̀ pé inú ara ẹtu ni wọn yóò parí sí. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Múfú ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Ọmọ Alájì tó ń ta epo bẹntiróòlù lójú ọ̀nà Bantè ni, Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Savalou ni wọ́n bí òun sí. Ó ti kàwé ní Cotonou, ó sì mọ ẹ̀rọ náà tinú tẹ̀yìn. Ó ní sùúrù, kì í fi ohun tó mọ̀ yangàn. Òun ló gbé ẹ àti ọ àti ṣ wọ inú ẹ̀rọ wa, pẹ̀lú àmì ohùn gbogbo. Ojú ẹ̀rọ náà dúdú, lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí o bá fẹ́ kó ṣe nǹkan, wàá tẹ àṣẹ fún un. Mo pe ìyẹn ní ètò olójú dúdú. Mo fi ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ tẹ gbogbo ìwé ọ̀rọ̀ Bantè sínú rẹ̀, àti èyí tí a ti fi òjé tò rí àti tuntun tí mo ń gbà bọ̀. Àwọn ojú ìwé àtijọ́, ikán ti ń jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀ ògiri. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, a máa ń jó wọn.

Síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀. Mo bi Múfú lọ́jọ́ kan pé, "Bí mo bá pa ẹ̀rọ yìí, ibo ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ń sùn?"

Ó ní, "Wọ́n wà nínú rẹ̀, Àǹtí."

"Ṣé mo lè fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Rárá o."

Láti ìgbà yẹn ni mo ti máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà kí n tó ti ilẹ̀kùn, bí ẹni ń wo orí ọmọ bóyá ó gbóná.

Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Dòsú, Mùsíyé Dòsú bí gbogbo wa ṣe ń pè é, wọlé tọ̀ wá. Ará Mahi ni, òun ló ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní gbogbo agbègbè wa. Àwọn obìnrin Bantè àti Pira ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé lédè wọn, kò sì sí ìwé tí wọ́n máa kà. Wọ́n ti kọ ìwé náà tán ní Cotonou. Ó mú un wá nínú disikẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Mo fi sínú ẹ̀rọ wa. Ẹ̀rọ náà ní òun kò mọ ohun tí mo gbé wá.

Múfú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ètò tuntun ni wọ́n fi ṣe é, Àǹtí, èyí tó ní fèrèsé àti àwọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ti di àgbà. Kò lè kà á."

Mùsíyé Dòsú jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ èèyàn. Ó ní òun kò fẹ́ gbé iṣẹ́ náà kúrò lọ́dọ̀ wa, torí àwa la mọ àmì ohùn tẹ̀. Àmọ́ bí a kò bá yí ètò wa padà kí ìkórè iṣu tó dé, Cotonou yóò ní kí òun gbé e lọ síbòmíràn. Ó wá yíjú sí Ọ̀gá. "Bàbá, bí ẹ bá yí i padà, a ó bá yín tẹ ìwé ọ̀rọ̀ yín náà jáde."

Ọ̀gá kọ ojú sí ọ̀dọ̀ mi.

Mo tẹ̀lé Múfú dé ìta. "Sọ òtítọ́ fún mi. Bí a bá fi ètò tuntun yìí sí i, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ìwé ọ̀rọ̀?"

"Ètò náà tóbi, inú ẹ̀rọ yín kéré. A ní láti kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Bí ilé ni, Àǹtí. A ò lè wó ilé ká tún un kọ́ kí ẹrù ṣì wà nínú yàrá."

"Níbo la máa kó ẹrù sí?"

"Sínú disikẹ́ẹ̀tì. Bí ilé bá ti parí, a ó kó o padà."

"Àwọn lẹ́tà ẹ wa ńkọ́? Ṣé ètò tuntun mọ̀ wọ́n?"

"Mi ò tíì mọ̀," ló wí.

Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Lónìí, ọmọdé ń yí ètò inú fóònù rẹ̀ padà nígbà tó ń mumi. Àmọ́ ẹ fi ara yín sípò mi. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó sọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn fún mi ti kú. Òjé ti lọ, ikán ti jẹ bébà, àwa fúnra wa sì ti jó ìyókù. Mo sì ti gbọ́ ìtàn ilé iṣẹ́ kan níhà òkè tí wọ́n yí ètò tiwọn padà, tí iná ọba lọ láàárín kan, tí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ sì di òfo. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kò mọ orúkọ ìlú náà. Ìyẹn kò sọ pé kí n má bẹ̀rù.

Mi ò lè sùn. Bí mo bá sọ pé rárá, àwọn obìnrin tó ń retí ìwé ní Pira ńkọ́? Ilé ìtẹ̀wé ńkọ́, tí iṣẹ́ ti ń dín kù níbẹ̀? Bí mo bá sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí nǹkan bá ṣe, ojú wo ni màá fi wo Ọ̀gá? Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀, lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá dúró sójú kan nítorí ejò, ilẹ̀ yóò ṣú bá a lọ́nà oko.

Mo lọ bá Ọ̀gá lórí ẹní ìrun rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ sọ ohun tí a máa ṣe."

Ó ní, "Ràmátù, ojú mi ò ríran mọ́. Mi ò mọ bí ohun náà ṣe rí nínú. Ìwọ lò ń lò ó. Ohun tí o bá sọ la ó ṣe."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ọ̀gá."

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí," ló wí.

Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó kó ìpayà bá mi ju kó ti bú mi lọ.

Mo pinnu pé kí a kọ́kọ́ tẹ odindi ìwé ọ̀rọ̀ sórí bébà, kó tó di pé a ṣí ẹ̀rọ nídìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń fi réban, okùn aṣọ tó ní tàdáwà dúdú lára, tẹ̀ ẹ́, ó ń ké bí eku. Mo jókòó tì í. A dé A, a kọjá E, a kọjá Ẹ, a dé O. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Nígbà tí a máa parí R, réban ti gbẹ pátápátá, bébà ń jáde ní funfun. Kò sí òmíràn ní Savalou. Múfú ránṣẹ́ sí Cotonou, wọ́n ní irú rẹ̀ ti wọ́n, kí a máa retí. A retí. Iṣu ń tóbi lóko. Mùsíyé Dòsú tún wá, ó ní Cotonou ti ń béèrè.

Múfú ní, "Àǹtí, màá kó gbogbo rẹ̀ sí disikẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì á wà."

Ó gbé ojú ìwé kan wò lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ní ètò tuntun. Ó mú ohun tó jáde wá fún mi. Gbogbo lẹ́tà ẹ ti di àmì owó àwọn òyìnbó, lẹ́tà ọ di nǹkan tó dà bí ìwo àgbò, àmì ohùn sì fọ́n ká bí ìyàngbò. Mo jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Múfú kò mikàn. Ó ní lẹ́tà kò sọ nù, ó kàn wọ aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Ó lọ, ó ṣiṣẹ́ lé e lórí, ó padà mú òmíràn wá, gbogbo lẹ́tà ẹ sì ti dúró pẹ̀lú àmì nísàlẹ̀. Mo fi ìka tọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè délẹ̀. Nígbà náà ni mo tó sọ pé, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe é."

Nítorí ìtàn iná ọba tí mo gbọ́, mi ò gbà kí a lo iná ọba. Múfú gba jẹnẹrétọ̀ bàbá rẹ̀ wá, a bu epo tuntun sí i, a sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ká lè mọ̀ bóyá yóò kú lójijì. Mo lé gbogbo adìyẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi aṣọ nu disikẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun òkè. Ọ̀gá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀.

Múfú kó ìwé ọ̀rọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó to disikẹ́ẹ̀tì sínú páálí bàtà. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Ṣé kí n pa inú rẹ̀ rẹ́, Àǹtí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú dúdú tí mo mọ̀ parẹ́, ètò tuntun sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Kò kú. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ojú ẹ̀rọ náà là, ó mú àwọ̀ ojú ọ̀run wá, pẹ̀lú àwọn àwòrán kéékèèké. Ìwé Mùsíyé Dòsú ṣí. Lẹ́tà ẹ wà níbẹ̀, ọ wà níbẹ̀. Mo sọ fún Ọ̀gá pé ó ti bọ́ sí i. Ọ̀gá ní, "Alihamdulilahi." Múfú sinmi lé ẹ̀yìn àga. Mo rò pé ẹ̀rù ti tán.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù padà sílé. Àwọn tàkọ́kọ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. A dé P, a dé R. Múfú fi èyí tó ní S sí i. Ẹ̀rọ náà kùn, ó tún kùn, ó wá ní òun kò lè kà á. Múfú yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún fi í sí i. Ó kùn. Ó mú ẹ̀dà kejì. Ó kùn. Ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, tó ní Ṣ àti T. Ó kùn. Ẹ̀dà rẹ̀ náà kùn. Láti S títí dé Y, kò sí èyí tó ṣí.

Òógùn ń jáde lójú Múfú. "Páálí kan náà ni mo ti mú gbogbo àwọn yìí. Tuntun ni, Àǹtí. Èmi ni mo ya ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá oòrùn ti pa wọ́n kí wọ́n tó dé ọwọ́ mi. Mi ò mọ̀."

Ó gun sẹ́mì, alùpùpù tí ń kérò, lọ síbi tí kọ̀ǹpútà mìíràn wà ní Savalou, kò ṣí. Ó kó wọn lọ sí Cotonou, ó padà dé pẹ̀lú páálí náà lábíyá. Kò ṣí níbẹ̀ náà. A ti ń bẹ̀rù iná, a ti ń bẹ̀rù àmì ìdí ẹ, a ti fi gbogbo ojú ṣọ́ wọn. Ibi tí a kò fojú sí ni ohun wa gbà lọ. Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tí mo lè jókòó ṣà.

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá.

"Láti ibo dé ibo?" ló béèrè.

"Láti S dé òpin, Ọ̀gá."

Ó ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọjà Bantè di ìgbà wo?"

"Ọ̀la ni."

"Tètè jáde."

Bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn. Mò ń gun sẹ́mì láti Savalou dé Bantè, láti Bantè dé Pira, mò ń wọ agboolé dé agboolé. Mo gba ọ̀pọ̀ padà. Ẹ̀rù ń bà mí ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, torí níbòmíràn, bí mo bá béèrè ìyá kan, wọ́n á fi ojú oórì rẹ̀ hàn mí. A tẹ ìwé àwọn obìnrin náà fún Mùsíyé Dòsú, ó dé Pira kí ìkórè tó parí, mo sì fi etí mi gbọ́ tí wọ́n ń kà á sókè. Ẹ̀rọ wa kò pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àrá òjò kan ló pa á. Àwọn èèyàn máa ń ní ká ní a kò yí ètò padà ni, ìwé ọ̀rọ̀ kì bá tí dín. Mo máa ń ro àrá yẹn, pé ì bá ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀. Mo ti bi ara mi títí, mi ò mọ̀.

Ọ̀gá kú kí ìwé ọ̀rọ̀ tó jáde. Èmi ni mo to ìwé ìsìnkú rẹ̀. Mo ka orúkọ rẹ̀ títí ojú fi ń dùn mí kí n tó jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò rí gbà padà. Ìyá Àfúsátù ní Pira ló sọ ọ́ fún mi nígbà kan, nígbà tí a dúró sí oko rẹ̀. Bí iṣu bá ti tóbi nísàlẹ̀, ilẹ̀ orí ebè máa ń là, ìlà tín-ín-rín kan, oníṣu á sì mọ̀ pé ó ti gbó. Ìlà yẹn ní orúkọ lédè wa. Nígbà tí mo padà lọ bá Ìyá Àfúsátù, ara rẹ̀ ti rẹ̀, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòrí lórí rẹ̀. Mo rán an létí oko, mo rán an létí ebè.

"Ṣé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" ló wí.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Ó ronú. Ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni ń wá nǹkan kiri inú àpò. "Ilẹ̀ là," ló sọ níkẹyìn. "Ṣebí a kàn ń sọ pé ilẹ̀ là ni?"

Mo bi àwọn ọmọ rẹ̀, mo bi àwọn àgbẹ̀ Bantè. Ilẹ̀ là, ni gbogbo wọn ń wí.

Nígbà tí mo ń to ìwé náà fún ìgbà ìkẹyìn, mi ò mọ ibi tí màá fi í sí, torí mi ò mọ lẹ́tà tó fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi í sí ẹ̀yìn gbogbo wọn, lẹ́yìn Y. Bí ẹ bá ṣí ìwé ọ̀rọ̀ Bantè dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ẹ ó rí i. Lápá ọ̀tún, mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀: ìlà tó máa ń là lórí ebè nígbà tí iṣu bá gbó. Lápá òsì, níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà, òfìfo ni.